Òṣùká tí Mo Ṣe fún Ìdí Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Ohun tójú mi rí nínú ilé ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí. Ẹni tójú bá ń tì, kó kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Èmi ò ní tijú. Nígbà tí àwọn tó yẹ kójú tì kò tijú, kí ló wá kàn mí?

Ọ̀rọ̀ ojú ara ìyàwó mi ni. Ẹ̀hẹ́n, mo ti sọ ọ́, ọ̀run ò sì wó! Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá bi mí pé ṣé mo gbàṣẹ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, èmi ni Bàbá Bọ̀sẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá agébébà ní Ṣómólú. Ẹ lọ bèèrè! Gbogbo àwọn tó ń tẹ̀wé ládùúgbò wa, bí wọ́n bá tẹ káàdì ìgbéyàwó tán, bí wọ́n bá tẹ kàléńdà tán, bí wọ́n bá tẹ lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò tán, ta ni wọ́n ń rù ú wá bá pé kó bá àwọn gé e kó gún? Èmi náà ni. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sá, n kò parí ẹ̀, kò sì dùn mí. Àwọn tó kàwé dé yunifásítì ló ń tò sílà níwájú máṣíìnì mi, tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi tiwa ṣáájú. Mo máa ń wò wọ́n láti òkè délẹ̀ ni. Ìwé tí ẹ kà yẹn, ṣé ó lè gé bébà?

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ̀sẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ni wọ́n bí i sí. Ẹja ló ń yan tó ń tà létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú obìnrin tó jẹ́ fún yín. Iná ti jó o, egungun ẹja ti gún un, ó ti ru agbọ̀n tí èmi ọkùnrin ò lè gbé láti etí omi dé ojú títì, n kò gbọ́ "yéè" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìgbà tó ń rọbí Bọ̀sẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ó ń sùn ni! Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé nǹkan ń dun òun, ṣé ẹ̀rín ló yẹ kí èèyàn fi dá a lóhùn?

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń yún un lásán. Kò pẹ́, yíyún di títa. Ó ní bíi kí èèyàn ki ọwọ́ tó fi lọ ata bọ ojú ọgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀! Mo wò ó fúnra mi, ṣebí ọkọ rẹ̀ ni mí. Nígbà míì ó pọ́n díẹ̀, nígbà míì n kò rí nǹkan kan. Bó bá tọ̀, á ta á. Bó bá wọ pátá tó fún, á ta á. Bó bá jókòó sórí àpótí nídìí iná ẹja rẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi dìde, á dúró, á máa fẹsẹ̀ kan lé èkejì bíi lékeléke. Kéké tó yẹ kó gbé e wálé láti Bàrígà, ó fi í sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Ti ọ̀rọ̀ tọkọtìyàwó, ẹ má wulẹ̀ bi mí. A ti ká ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ gbé e mì.

Ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì òpópónà wa ló kọ́kọ́ lọ. Ṣé ẹ rò pé ó bi í léèrè nǹkan kan? Rárá o! Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ọkùnrin yẹn ti ń nawọ́ sí ẹ̀yìn. Ó ní ìnfẹ́kṣọ̀n ni. Ó kó oògùn fún un, ó lò ó tán, kò lọ. Ó kó òmíràn tó lágbára jùyẹn lọ fún un, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún kún ti ìsàlẹ̀. Ó ní kò burú, ìnfẹ́kṣọ̀n náà ló lórí kunkun.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà yìí, bí obìnrin bá ti lè fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ pé ó ń dun òun, ìnfẹ́kṣọ̀n ni. Bó bá yún un, ìnfẹ́kṣọ̀n. Bó bá gbẹ, ìnfẹ́kṣọ̀n. Bí màlúù bá kàn án níbẹ̀, wọ́n á ní ìnfẹ́kṣọ̀n màlúù ni! Gbogbo wọn ti di dókítà. Ẹni tí kò mọ ibi tí ẹ̀dọ̀ wà lára òun fúnra rẹ̀!

Àwọn obìnrin ilé wa náà ò gbẹ́yìn. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni, ojú kì í kúrò lára ojú. Ẹnì kan ní kó fi álọ́ọ̀mù wẹ̀ ẹ́. Ẹnì kejì ní káún ni. Ẹnì kan ní kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi iyọ̀. Ẹnì kan tún ní kó bu omi gbígbóná sínú póò, kó jókòó lé ooru rẹ̀ lórí. Ìyàwó mi ṣe gbogbo rẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹni tí omi ń gbé lọ, ṣé kì í di koríko mú ni? Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́ ló ń ta á sí i. Èmi ni mo wá bi wọ́n lọ́jọ́ kan níwájú kànga pé ṣé ẹ fẹ́ wò ó sàn ni àbí ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ pẹpẹsúùpù? Wọ́n ní Bàbá Bọ̀sẹ̀ ò lẹ́nu rere. Bẹ́ẹ̀ ni, n kò lẹ́nu rere! Àwọn tó lẹ́nu rere, kí ni wọ́n fi ẹnu wọn ṣe?

A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba omi ara. Gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n ní kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú gbogbo èrò, ó ń bi ìyàwó mi sókè pé ọkùnrin mélòó ló ń bá sùn. Mo dá a lóhùn pé èmi nìkan ni, mo sì pọ̀ tó! Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà tó wá rí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìrùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa lágbọ̀n rẹ̀ ni. Kò gbójú sókè. Ó ní òun ò rí nǹkan kan, pé àròjù ni, pé kí mádàámù lọ sinmi, kó má ro nǹkan púpọ̀ mọ́.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n fi ń ronú ni?"

Ó ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Àǹtí mi Dúpẹ́ fi wọ̀ ọ́. Ọmọ ìyá mi ni wọ́n, àwọn ni àkọ́bí, Igbóbì ni wọ́n ń gbé. Kò sí ohun tí Àǹtí Dúpẹ́ ò mọ̀ láyé yìí. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá rọ̀, wọ́n ti sọ ìyẹn náà.

Wọ́n ní àwọn ti ń wí i tipẹ́ pé ọmọ etí omi kì í wọlé ọkọ ní òun nìkan, pé ó ní ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n ní obìnrin tí kò lè bá ọkọ rẹ̀ sùn, àlejò ni, àlejò sì lọ́jọ́ tó ń padà sílé. Pé bí kò bá yá kíákíá, kí n dá a padà fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní etíkun Oǹdó, kí n lọ wá obìnrin tó pé.

Obìnrin tó pé! Ẹ gbọ́ o. Bí ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì.

N kò bá wọn jà lọ́jọ́ náà. Àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyàwó mi. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ká aṣọ rẹ̀ sójú kan nínú àpótí, bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n sọ pé ó tó àkókò. Ìyẹn dùn mí ju àìsàn náà lọ. Obìnrin tó bá mi jẹ gbàgúdà nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́!

Nígbà tó yá, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá ìyàwó mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó dúró, ó fọwọ́ kan ti ògiri, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ iná ẹja fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ́ ìró. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Àǹtí Dúpẹ́ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀? Àǹtí ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn ti gbé oògùn dé, ó sì ti fi wẹ̀. Pé ohun tó ń ta á yẹn, àìsàn ló ń jáde.

"Bí kò bá ta, á jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n ju ẹ̀pà sẹ́nu.

Wọ́n wá yọ ìgò náà jáde látinú ọ̀rá dúdú. Wọ́n ní, "Wò ó dáadáa. Ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ bébà, wo bí lébẹ́ẹ̀lì yìí ṣe gún! Wo etí ẹ̀! Ṣé wọ́n lè ṣe irú èyí ní Nàìjíríà? Ìlú òyìnbó ló ti wá, ojúlówó ni."

Mo gba ìgò. Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà kan sẹ́yìn, òmùgọ̀ kan kó bébà wá fún mi gé, ó gbàgbé pín-ìn-nì sáàárín rẹ̀. Bí ọ̀bẹ máṣíìnì mi ṣe bà á, eyín kékeré kan já lára ọ̀bẹ. Títí tí mo fi gbé e lọ pọ́n, gbogbo bébà tí mo gé ló ní ìlà kan tín-ínrín létí, bí irun orí ọmọ tuntun. Oníbàárà ò lè rí i. Ọlọ́run àti èmi nìkan ló lè rí i. Ìlà yẹn gan-an ló wà létí lébẹ́ẹ̀lì ìlú òyìnbó tí Àǹtí mi gbé wá!

Ṣómólú ni ìlú òyìnbó náà wà. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi ni.

Mo rántí ọkùnrin tó ni ín dáadáa, alákétè kan báyìí. Àwòrán kan náà ló tẹ̀ fún oògùn mẹ́ta. Ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé ìnfẹ́kṣọ̀n obìnrin. Ọ̀kan, jẹ̀díjẹ̀dí. Ọ̀kan, eyín tó ń ro. Mo bi í nígbà náà pé ṣé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó ní ọ̀gá, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ gé e kó gún. Mo gé e, ó gún! Tèmi ni mo ṣe. Ẹni tó bá rò pé nítorí bébà gún, omi inú ìgò náà gún, ẹjọ́ ta nìyẹn?

Mo sọ fún Àǹtí pé èmi ni mo gé e. Wọ́n ní irọ́ ni, pé mo fẹ́ràn àṣejù, gbogbo nǹkan ni mo máa ń sọ pé èmi ni mo ṣe é. Wọ́n ní kí n fi oògùn sílẹ̀, kí ìyàwó mi tún fi wẹ̀ lálẹ́.

Mo ní ó dáa. Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, èmi náà á fi wẹ̀.

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Mo gbé ìgò wọ balùwẹ̀, mo bọ́ ṣòkòtò, mo bù ú sọ́wọ́, mo fi ra tèmi. Ọkùnrin mélòó ló lè ṣe é? Ẹ má parọ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi. Ó kọ́kọ́ tutù. Mo ti fẹ́ máa fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ló dé! Ó ta mí láti abẹ́ dé ìpàkọ́. N kò mọ ìgbà tí mo lọgun. Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá iwájú sáré dé pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀, ó ń ké pé ejò dà, ejò dà! Mo da omi lé e, ó ń ta sí i. Mo jáde pẹ̀lú ìró ìyàwó mi nídìí, mo ń fò sókè fò sílẹ̀, gbogbo ayálégbé ti jáde.

Àǹtí ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Oògùn obìnrin lo fi pa ti ọkùnrin?"

Mo ní, "Àǹtí, ṣé tiyín ti kàn án rí?"

Wọ́n ní àwọn ò ṣàìsàn.

Mo ní, "Ohun tó dára lára ìgò yìí ò ju bébà tí mo gé lọ!"

Ìyàwó mi, tó ṣì di ògiri mú, ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó na abẹ̀bẹ̀ sí mi, ó ní Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ gbà, ẹ fẹ́ tiyín náà.

Àǹtí bínú lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí sílé Bàbá Ọbáníkòró, àbúrò bàbá wa. Ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀sùn méjì: mo tàbùkù àgbà, ìyàwó mi sì ti kọ̀ mí lórí ẹní. Kí wọ́n dá a padà sílé. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ọbáníkòró kì í yí padà nínú ẹbí wa, bí wọ́n bá ní kó lọ, ó lọ nìyẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn àti èmi ò tún ní jẹun pọ̀ mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, oníbàárà mi kan júwe dókítà obìnrin kan fún mi, ìyá tó ti dàgbà. N kò retí nǹkan kan. Dókítà ni wọ́n, dókítà náà ni ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n ìyá yìí rí i pé ìyàwó mi ò jókòó, àwọn náà dìde dúró láti bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n bi í pé kí ni gbogbo ohun tó ti ń fi síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Álọ́ọ̀mù, káún, ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ olóòórùn, omi apakòkòrò, ìgò Àǹtí Dúpẹ́. Ìyá náà di orí mú.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n fi òwú kékeré kàn án níbí, kàn án lọ́hùn-ún, wọ́n ń bi í pé ṣé ibí ni? Wọ́n ní kó da gbogbo rẹ̀ nù. Omi lásán ni kó máa fi wẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kàn án. Pátá òwú tó tú, kó sì bọ́ ọ bó bá fẹ́ sùn. Fasilíìnì tí kò lóòórùn. Wọ́n kọ ìpara kan tó ń mú ara kú tipiri fún un, wọ́n ní kó máa padà wá kí àwọn máa wò ó.

Mo ní ó dáa, kí lorúkọ àìsàn náà?

Wọ́n ní, "N kò tíì mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo lè rí i pé ó ń dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tó fà á."

Ẹ gbọ́ ọ! Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, oníkẹ́míìsì mọ̀ ọ́n, ará ilé mọ̀ ọ́n, Àǹtí mọ̀ ọ́n, ọmọ aláìnírùngbọ̀n yẹn mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ nǹkan ló ní òun ò mọ̀. Ìyàwó mi di ọwọ́ ìyá yẹn mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. N kò rò pé ìpara ló fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́ ni.

Èmi náà wá ronú. Ẹja ò ní yan ara rẹ̀, obìnrin yìí sì gbọ́dọ̀ jókòó. Nídìí máṣíìnì mi, etí bébà tí mo bá gé kúrò máa ń kún ilẹ̀, wẹ́wẹ́wẹ́, ó fẹ́lẹ́ bí òwú. Àwọn ẹlẹ́yin ni mo máa ń fún, kí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ ẹyin. Mo kó o. Mo gé ẹsẹ̀ kan lára ṣòkòtò àtijọ́ mi, mo kì í sínú rẹ̀, mo wé e róbótó, mo rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Òṣùká ńlá ni mo ṣe! Irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí ru ẹrù, àmọ́ ti ìdí ni. Ihò wà láàárín. Ìdí ọ̀tún níbí, ìdí òsì lọ́hùn-ún, ojú ara wà ní òfuurufú, kò sí ohun tó kàn án. Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni tó kọ́ mi! Orí ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sétí ọ̀sà, àwọn oníṣòwò ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà títí. Wọ́n ní Ìyá Bọ̀sẹ̀ ti ṣìnà, orí ló wà lókè o! Ó jókòó. Ó yan ẹja rẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó wọ kéké wálé.

Ọjọ́ ìsinmi pé. Pálọ̀ Bàbá Ọbáníkòró, àga onígi líle yíká. Àǹtí Dúpẹ́ ti de gèlè bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù. Wọ́n ro ẹjọ́ wọn, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n fi ata sí i. Èmi wà lórí àga mi, ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi.

Bàbá ní, "Ìyàwó, jókòó. Kí ló dé tí o dúró lé wa lórí bí ọlọ́pàá?"

Ìyàwó mi ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ òṣùká náà, ó gbé e lé àga, ó rọra jókòó lé e.

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Àṣé ẹrù ló tún fẹ́ rù níwájú àwọn àgbà!"

Ìyàwó mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ẹrù tèmi, ìdí ni mo fi ń rù ú."

Ó kọjú sí Bàbá. Ó ní òun ò kọ ọkọ òun o, ara òun ló kọ̀ fún òun. Pé bí wọ́n bá ní kí òun lọ, òun á lọ, òun ti ká aṣọ òun. "Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí wọ́n sọ fún ìyá mi pé irọ́ ni mò ń pa. Ó ń dùn mí. Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí."

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ní láti wo àjà.

Àǹtí ò tilẹ̀ jẹ́ kó tutù. Wọ́n ní irú àìsàn wo ni kò lórúkọ? Dókítà gan-an ò mọ̀ ọ́n!

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo yọ ìgò náà látinú àpò agbádá mi, ó ṣì kù dé ìdajì. Mo gbé e sórí tábìlì níwájú Bàbá. Mo ní oògùn tí Àǹtí fún ìyàwó mi rèé, èmi náà ti fi wẹ̀, gbogbo ilé wa gbọ́ ohùn mi. Títa tèmi ò tó àkókò tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀bà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Tìyàwó mi ti lé lọ́dún. Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó bá rò pé irọ́ ló ń pa, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, balùwẹ̀ Bàbá rèé, ìgò rèé. Kó wọlé, kó fi wẹ̀, kó jáde wá bá wa sọ̀rọ̀!

Ẹ bá mi wo ojú wọn. Gbogbo ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná. Bàbá wo ìgò, wọ́n wo ilẹ̀kùn balùwẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀pá ti ìgò náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti àkekèé.

Wọ́n ní, "Dúpẹ́."

Àǹtí ní, "Sà."

"Ẹ̀yìn tó ń dùn mí láti ọdún tí o ṣègbéyàwó, tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Àǹtí ò mọ̀ ọ́n.

"Ta ló ti dá mi padà sílé nítorí ẹ̀?"

Wọ́n ní ìyàwó ò lọ síbì kan. Wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi tú aṣọ inú àpótí, ó fi wọ́n kọ́ sórí okùn padà.

Kí n má parọ́ fún yín, àìsàn náà ò tíì lọ. Ọ̀sẹ̀ míì á wà tí kò ní rántí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ míì á tún yọjú, á máa fẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ láti ìgbà tí a ti lé gbogbo onímọ̀ àti ìgò wọn jìnnà. Dókítà ìyá yẹn ṣì ń wò ó, wọn ò tíì sọ orúkọ rẹ̀. A ń dúró.

Alákétè náà tún gbé lébẹ́ẹ̀lì wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti di oògùn ojú! Mo ní ọ̀bẹ mi kú. Kó lọ bá àwọn yòókù gé e. Á wọ́ níhìn-ín, á wọ́ lọ́hùn-ún, ìyẹn ló sì dára, kí aráyé lè mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Àwọn oníṣòwò ẹja tó ń rẹ́rìn-ín ńkọ́? Wọ́n ti ń yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ kí mi, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé mi. Àwọn tó ti ń fara da tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, tí wọn ò sọ fún ẹnì kan, nítorí wọ́n mọ ohun tí irú Àǹtí Dúpẹ́ máa wí.

Láìpẹ́ yìí ni fóònù mi dún. Àǹtí Dúpẹ́ ni. Wọ́n kí mi dáadáa, ìyẹn ló kọ́kọ́ fu mí lára. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, jíjókòó ní ìsìn ń ni ín lára, ó sì ń ta á, ó ti ń ta á tipẹ́. Ṣé mo lè bá ọ̀rẹ́ náà ṣe òṣùká kan?

Mo ní kò sí wàhálà. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ yín yẹn, Àǹtí, ṣé bí ìdí tiyín ṣe fẹ̀ tó ni tirẹ̀ náà ṣe fẹ̀?"

Wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ló bá mi rán an. Ó fi aṣọ òwú rere bò ó, kì í ṣe ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. Ó tún gbé e lọ fún wọn ní Igbóbì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹja yíyan. Bó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ̀gún ni ǹ bá fi rán an!

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Bí obìnrin bá ní ibẹ̀ ń dun òun, ibẹ̀ ń dùn ún ni. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ ó fi ojú ara yín dán an wò bíi tèmi, nítorí ẹ ò láyà. Ẹ má fi nǹkan olóòórùn àti nǹkan tó ń tani wẹ ibi tí Ọlọ́run dá ní tútù. Dókítà tí kò bá gbójú sókè, ẹ dìde, ẹ wá òmíràn lọ. Ẹni tó bá sì ń fọ́nnu pé òun mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ gbé ìgò rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ júwe balùwẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ níbí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìyàwó mi nìkan kọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé ti ọ̀rẹ́ yín kan ni, ó ti yé mi.